Àpótí Wáyà fún Iná Pisínì: Ẹ Wo Ìsàlẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Ìdérí

Bí omi bá kún inú àpótí wáyà nídìí pisínì, òjò ni gbogbo ayé máa ń bú. Nínú àwọn tí mo ti tú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, páìpù ló sábà máa ń jẹ̀bi.

Wáyà iná abẹ́ omi máa ń gba inú páìpù kan láti ihò tí iná náà jókòó sí lára ògiri pisínì, kó tó dé inú àpótí. Omi kún ihò yẹn, yóò sì gun páìpù náà títí dé ibi tí omi pisínì fúnra rẹ̀ ga dé. Àpótí tó bá rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, ó di dandan kí omi bá a. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹfun fa ìlà síbi tí omi ń dé nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá mú kí pisínì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Òkè ìlà yẹn dáadáa ni kí ìdí àpótí wà. Ara ògiri ni mo fẹ́ràn láti kàn án mọ́. Bí onílé bá takú pé òun ò fẹ́ rí i lójú, tó ní ká rì í mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé IP68 ni kó rà (IP ni nọ́ńbà tó ń sọ bí àpótí ṣe lè dènà eruku àti omi tó), irú èyí tí a ń da gẹ́lì kún, tí yóò dì bí ẹ̀kọ yí gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ ká.

Ní ti nọ́ńbà IP, èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, èkejì jẹ́ ti omi. IP55 tó fún abẹ́ àjà. Níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà fọ́n omi fọ etí pisínì, IP65 ni mò ń lò. IP67 lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé ó ti yege ìdánwò omi fífọ́n, nítorí náà ẹ má rò pé ó ju 65 lọ níbi gbogbo.

Ọwọ́ wa, àwa oníṣẹ́, ló sì ń ba nọ́ńbà yìí jẹ́. Ẹ wo àwọn àpótí tí rọ́bà rírọ̀ dí ojú ihò wáyà wọn, tó kún ọjà Ouando. Wáyà ò nípọn ju mìlímítà mẹ́jọ lọ, ọmọ iṣẹ́ á fi abẹ gé rọ́bà náà débi tí àtàǹpàkò fi lè wọ̀ ọ́. Èèrà á wọlé, ọmọńlé á yé ẹyin síbẹ̀. Àpótí tí ara rẹ̀ dán, tí kò ní ihò kankan, ni kí ẹ rà. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fi presse-étoupe (ìdérí oníhò tí a ń dè mọ́ wáyà tí rọ́bà inú rẹ̀ ń dí i pinpin) tó bá wáyà mu síbẹ̀. Wáyà kan, presse-étoupe kan. Bí ẹ bá ki méjì sínú ọ̀kan, àlàfo á wà láàárín wọn tí rọ́bà ò lè dí. Kí wáyà kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ àpótí, kí omi lè kán bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ra àpótí kékeré. Gílóòbù pisínì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní PAR56, tó jẹ́ 300 wáàtì, ń fa ámpíà 25 lórí fóòtì 12, wáyà rẹ̀ nípọn, kì í fẹ́ tẹ̀. Bí skúrù ibi ìsopọ̀ bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ike á yọ́. LED tó jẹ́ 24 wáàtì ò fà ju ámpíà méjì lọ.

Ike tó lè fara da oòrùn ni kí àpótí náà jẹ́, kí skúrù rẹ̀ jẹ́ inox (irin tí kì í dípẹtà), ẹ má sì kàn án mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó kílóríìnì sí, torí èéfín rẹ̀ ń jẹ bàbà.

Ní ti transfo (ẹ̀rọ tó ń sọ iná 220 di fóòtì 12), NF C 15-100, ìlànà iná mànàmáná ti àwọn Faransé, ni mo fi kọ́ṣẹ́: mo máa ń jẹ́ kó jìnnà sí etí pisínì ju mítà 3,5 lọ, pẹ̀lú disjoncteur 30 mA (èyí tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò) níwájú rẹ̀. Wáyà 220 ò gbọdọ̀ wọ inú àpótí fóòtì 12 rárá, ẹ má sì so fóòtì 12 yẹn mọ́ wáyà ilẹ̀.