Ejò Idẹ Inú Ilé Wa: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ìbùkún Di Òrìṣà

Lọ́jọ́ tí Mósè rọ ejò idẹ nínú aginjù, kì í ṣe òrìṣà. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ní kó rọ ọ́, kí ẹni tí ejò bá bù ṣán lè wò ó kó sì yè (Númérì 21). Ìbùkún gidi ni. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ayé Hesekáyà ọba, ohun tó lé ní 500 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sun tùràrí sí i. Ọba fọ́ ọ túútúú, ó sì pè é ní Nehuṣtánì, bí ẹni ń sọ fún wọn pé idẹ lásán ni (2 Ọba 18:4).

Ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi, torí òrìṣà tó ń da Kristẹni láàmú kì í sábà ti ojúbọ wá. Inú àdúrà tó gbà ló ti ń jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wo ilé rẹ̀ yíká, kó má rí ère kankan, kó wá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Àwọn ọmọ ìjọ ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ní Kólósè 3:5 tó fi sọ pé ojúkòkòrò, ìbọ̀rìṣà ni. Ìkejì rẹ̀ ni kí a rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni. Ẹni tí kò ní lè máa bọ ohun tí kò ní, kó máa fojú inú wò ó tọ̀sán tòru, kó máa di kùnrùngbùn sí ẹni tó ní in. Ágúrì, ọ̀kan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé Òwe, mọ èyí, ìyẹn ló ṣe bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má fún òun ní òṣì, kí Ó má sì fún òun ní ọrọ̀ (Òwe 30:8-9). Ìgbà wo la gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nínú ìpàdé àdúrà?

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀ ni àṣìṣe apẹja. Nígbà tí wòlíì Hábákúkù ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Kálídíà, ìyẹn àwọn ará Bábílónì, tí wọ́n ń fi ogun kó àwọn orílẹ̀-èdè bí ẹni ń kó ẹja, ó ní wọ́n ń rúbọ sí àwọ̀n wọn, nítorí ipasẹ̀ àwọ̀n ni oúnjẹ wọn fi dọ́ṣọ̀ (Hábákúkù 1:16). Àwọ̀n tiwa ni iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí, ọ̀gá tó fẹ́ràn wa, oníbàárà kan ṣoṣo tó ń gbé òwò wa ró. A ń fi ẹnu sọ pé Ọlọ́run ló ń pèsè, ṣùgbọ́n àwọ̀n là ń bẹ̀rù. Wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ìṣirò tó o mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn kì í ṣe "kí ni Olúwa fẹ́?" bí kò ṣe "bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ ńkọ́?" Ẹbọ la fi ń dá òrìṣà mọ̀. Tó o bá fẹ́ mọ tìrẹ, má wo ohun tó o ní, wo ohun tó o ń yọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀: òtítọ́ ni, oorun ni, àbí àwọn ọmọ tí wọ́n ti sùn kó o tó wọlé.

Òmíràn: fífi ẹrù wọn ìfẹ́ Ọlọ́run. Ẹnì kan jẹ́rìí pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun, ó wá tọ́ka sí ọkọ̀ tuntun. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́. Kí ló fẹ́ rò? Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló kọ́kọ́ gbé irú òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀, Ọlọ́run sì bá wọn wí sí i. Ẹ má gbàgbé Gídíónì náà: ó kọ̀ kí wọ́n fi òun jọba, èyí tó dára, àmọ́ ó gba òrùka etí wúrà tó wọn 1,700 ṣékélì nínú ìkógun, ó fi ṣe éfódì kan, irú ẹ̀wù tí àwọn àlùfáà ń wọ̀, éfódì ọ̀hún sì di ìdẹkùn fún òun àti ilé rẹ̀ (Onídàájọ́ 8). Ìrántí ìṣẹ́gun ni o!

Èmi náà kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí mo ń wá ilé, òru kì í ṣú kí n má dìde gbàdúrà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo kó wọlé tí mo fi bá ara mi ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan níbi tí mo ti ń yan ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun yàrá, ìsìn sì ti ń lọ. Kò sí ẹni tó lé mi kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ilé tí Ó fún mi ló gbà mí lọ́wọ́ Rẹ̀. Deutarónómì 8:12-14 ti kìlọ̀ nípa ẹni tó yó, tó kọ́ ilé dáradára, tó wá gbàgbé.

Àwọn kan ń ṣòwò pẹ̀lú Ọlọ́run. Wọ́n fún un ní ọrẹ lónìí, wọ́n ń ka ọjọ́ tí èrè máa dé. Tí kò bá dé, ó di ìbínú. Àwọn baba wa máa ń sọ ọ́ fún òrìṣà pé bí kò bá le gbè wọ́n, kó ṣe wọ́n bó ti bá wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá òrìṣà dúnàádúrà nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ sí baba.

Má sì tìtorí èyí sá lọ sí òdìkejì, kó o máa kórìíra ohun rere tàbí kó o máa fi aṣọ àkísà ṣe ìgbéraga. Pọ́ọ̀lù sọ pé Ọlọ́run ń fún wa ní ohun gbogbo lọ́pọ̀lọpọ̀ kí a lè gbádùn rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọlọ́rọ̀ máa fi fúnni (1 Tímótì 6:17-18). Ohun tó bá ṣòro fún ọ jù láti yá ẹlòmíràn lò, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Hesekáyà tó fọ́ ejò idẹ yìí kan náà ṣàìsàn títí dé ojú ikú. Ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Bábílónì gbọ́, wọ́n rán ikọ̀ wá kí i. Ẹ̀rí tó yẹ kó jẹ́ fún wọn wà lára rẹ̀, ó ń mí, ó ń rìn. Fàdákà ló fi hàn wọ́n, àti wúrà, àti tùràrí, àti òróró iyebíye, àti ilé ohun ìjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Aísáyà wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó bi í pé, "Kí ni wọ́n rí nínú ilé rẹ?"

Ó ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rí, kò sí ohun kan nínú ìṣúra òun tí òun kò fi hàn wọ́n.