Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Gáḿbíà, ẹ má ṣe ohun témi ṣe o

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Gáḿbíà lórí máàpù máa ń rẹ́rìn-ín ni. Odò kan àti bèbè ẹ̀ méjèèjì, Sẹ̀nẹ̀gà yí i ká tán àfi ibi tó ti kan òkun, ibi tó fẹ̀ jù gan-an ò tó kìlómítà 50. Ẹ̀yin náà á wá ní ṣé èyí náà ni, ọjọ́ kan la máa fi rìn ín tán. Ẹ má dán an wò! Ó tín-ín-rín lóòótọ́, àmọ́ ó gùn ju kìlómítà 300 lọ láti etí òkun lọ sápá ìlà oòrùn.

Èyí tó ń dun àwọn èèyàn jù ni pé wọn kì í bèèrè bèbè tí ibi tí wọ́n ń lọ wà. Pápákọ̀ òfuurufú Yundum, Banjul, Serekunda, òtẹ́ẹ̀lì Kololi, gúúsù ni gbogbo wọn wà. Juffureh tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀ lọ sí erékùṣù Kunta Kinteh (ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú láyé àtijọ́), àríwá ni, òkúta Wassu (òkúta ayé àtijọ́ tí wọ́n tò róbótó) náà, àríwá, tó sì tún jìnnà sókè odò. Èmi dé etí omi ní Banjul láago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo ní fẹ́rì á gbé mi dé Barra ní bèbè àríwá wéré, àṣé mọ́tò ti tò lọ rẹrẹ, ìyá kan tó ń ta wonjo (sóbò wa yẹn náà ni) wo bàtà funfun tí mo wọ̀, ó wo mí lójú, ó kàn gbé àga fún mi. Ife mẹ́ta ni mo mu kí n tó rọ́nà kọjá, ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ má sì gbójú lé afárá Senegambia tí wọ́n ṣí ní 2019 o, ẹ̀gbẹ́ Farafenni nìyẹn wà, ó ju kìlómítà 100 lọ sí Banjul.

Erinmi ńkọ́? Ẹ má wá a ní Banjul, omi ibẹ̀ níyọ̀, omi tútù ló fẹ́, ẹ gòkè odò lọ. Lókè yẹn náà ni Baboon Islands wà, ìnàkí ló wà ńbẹ̀, inú ọkọ̀ lẹ máa ti wò wọ́n torí wọn ò gbà kí àlejò fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù ọ̀hún. Òjò ń rọ̀ láti June dé October, ẹ fojú sí i. Dàlásì ni wọ́n ń ná, tẹ́ ẹ bá ti wọ Sẹ̀nẹ̀gà, ó di sẹ́fà àti Faransé nìyẹn.

Ọ̀kan tó kù, tiwa gan-an ni. Àwọn Aku wà ní Banjul, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú, tí wọ́n gba Freetown kọjá, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, "ẹ kú" tá a fi ń kíra wa ni wọ́n ní orúkọ yẹn ti wá. Inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan, mo ní ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá wò mí títí, ó ní "good morning".