Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe Bí Ẹja Inú Táńkì Gíláàsì Bá Ṣàìsàn Lójijì

Bí ẹja tí ó jẹun dáadáa lánàá bá déédéé gòkè wá sójú omi ní òwúrọ̀, tí ó ń yanu tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni láti sáré lọ ra oògùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra oògùn kankan. Inú omi kan náà ni ẹja ti ń jẹun, tí ó ti ń mí, tí ó sì ti ń yàgbẹ́, nítorí náà omi ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ wo iye ẹja tí ara wọn kò yá. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé omi ti bàjẹ́, tàbí pé ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dínkù, tàbí pé májèlé ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí àwọn yòókù ń lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń jẹun, àìsàn tàbí ọgbẹ́ ni kí ẹ fura sí, kí ẹ sì ya ẹja náà sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ fi ife bu omi inú táńkì, kí ẹ máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe léraléra, nítorí omi tí ó bá ń ru ni atẹ́gùn ń wọ̀. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, nítorí náà ewu yìí máa ń pọ̀ sí i nígbà ooru. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja níbi tí iná ti máa ń lọ gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ atẹ́gùn tí ń lo bátìrì kí ó tó ra ẹja rárá.

Ẹ wá pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà sí ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú omi tí ìgbóná rẹ̀ bá ti táńkì mu. Kilorín, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí, nítorí náà ẹ lo oògùn tí ń pa kilorín, tàbí kí ẹ fi omi náà sílẹ̀ nínú ike tí kò ní ìdérí fún odidi ọjọ́ kan. Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí pé kilorámíìnì, ìyẹn kilorín tí a pò mọ́ amóníà, ni wọ́n ń fi sínú omi ní àwọn ìlú kan níbẹ̀, kò sì ní tipa ìfisílẹ̀ lọ. Omi kànga ẹ̀rọ kì í sábà ní kilorín, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ọ́síjìn inú rẹ̀ lè kéré gan-an, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i mọ́jú.

Amóníà, májèlé kan tí ojú kì í rí nínú omi, ló sábà máa ń pa ẹja inú táńkì tuntun. Ara ẹja fúnra rẹ̀ ni ó ti ń jáde, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó ń jẹrà nísàlẹ̀ sì ń fi kún un. Nínú táńkì tí ó ti pẹ́, bakitéríà tí ó lẹ̀ mọ́ asẹ́ omi máa ń sọ amóníà di náítíráìtì, wọ́n á sì tún sọ ìyẹn di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí góòlùfíṣì tí a jù sínú abọ́ kékeré tí kò ní asẹ́ kì í fi í pẹ́ láyé. Ẹ fi ohun èlò ìdánwò yẹ omi wò: amóníà àti náítíráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ apá kan omi lójoojúmọ́. Náítíráìtì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé ọ́síjìn. Iyọ̀ gíráàmù 1 fún lítà kan, tí a ti kọ́kọ́ pò mọ́ omi nínú ife, máa ń dènà rẹ̀ kí ó má wọ ara ẹja.

Ẹ bi ara ilé léèrè bóyá ẹnikẹ́ni fín oògùn ẹ̀fọn sínú yàrá náà. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan lọ títí, ṣùgbọ́n májèlé gidi ni wọ́n jẹ́ fún ẹja, ẹ̀rọ atẹ́gùn sì ń fa afẹ́fẹ́ yàrá náà lọ tààrà sínú omi. Bí ẹja bá ń ta kìtì, tí ó ń forí gbá gíláàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀, kí ẹ sì fi èédú tí a ṣe fún asẹ́ táńkì sínú rẹ̀.

Bí kóró funfun wẹ́wẹ́ bá bo lẹbẹ àti ara ẹja, kòkòrò ni, oògùn rẹ̀ sì wà. Ẹ má dá a dúró nígbà tí kóró náà bá parẹ́, nítorí ìgbà tí kòkòrò náà bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi nìkan ni oògùn ń rí i pa. Ẹ má tú kápúsù tẹtirasáíkílínì sínú táńkì láìmọ ohun tó ń ṣe ẹja, ó lè pa bakitéríà tí ń fọ omi yín mọ́.

Nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀, ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì máa dán omi wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí asẹ́ bá dọ̀tí, inú omi tí ẹ bù láti inú táńkì ni kí ẹ ti ṣan fóòmù rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi.