Windows 11 lórí láptọ́ọ̀pù kékeré tí kò tọ́ sí i: àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ kékeré ni, íǹṣì 11, irú àwọn tòkunbọ̀ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun máa ń kó dànù bí wọ́n bá ti lò wọ́n tán. Ojú ẹ̀rọ náà búlúù láti òkè délẹ̀, ó ní kí a tẹ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò pa fáìlì kankan rẹ́. BIOS ni mo kàn wọ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ nínú fídíò."

BIOS ni ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. "Clear TPM" ni ibi tó tẹ̀ nínú rẹ̀; TPM ni ibi tí ẹ̀rọ ń pa àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ mọ́ sí. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Windows 11 á gbà láti wọlé. Wọn ò sọ fún un pé Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ náà ti fi BitLocker, ìyẹn àgádágodo Windows, ti gbogbo fáìlì rẹ̀ pa, àti pé inú TPM yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà wà o. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó bá ni ẹ̀rọ ni Windows máa ń fi í pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ímeèlì ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ni wọ́n fi ṣí Windows náà lọ́jọ́ tó rà á, nọ́ńbà fóònù ẹni náà ò sì lọ mọ́. Orí mẹ́ta ló ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá náà, ìyẹn la rí gbà padà. Orí kẹrin, àti gbogbo ìdáhùn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbà lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà, lọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó fẹ́ Windows 11. Mo mọ iye tí láptọ́ọ̀pù tuntun ń jẹ́ lónìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé, nínú gbogbo àwọn ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ báyìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni Windows 11 fúnra rẹ̀ bà jẹ́. Àwọn yòókù, wọ́n ti bàjẹ́ kí Windows 11 tó débẹ̀ rárá, nítorí pé olówó wọn fọwọ́ kàn wọ́n kó tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹ má fipá mú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ ò tíì mọ ìdí tó fi kọ̀

Ohun tí Windows 11 ń béèrè kò pọ̀: RAM 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB, TPM 2.0, Secure Boot (tó ń yẹ ohun tó ń tan ẹ̀rọ wò), àti processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó wà nínú àkójọ tí Microsoft fọwọ́ sí. Ní ti Intel, láti ìran 8 ni àkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran 7. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀, ohun tó máa ń kọ sójú ni pé òun ò kún ojú ìwọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí ìkọ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó tọ́ sí Windows 11 pátápátá, àmọ́ wọ́n pa TPM rẹ̀ nínú BIOS. Lórí ẹ̀rọ Intel, PTT ló máa ń jẹ́ níbẹ̀. Lórí AMD, fTPM ni. Ẹ tàn án, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ó parí. Mo ti rí ẹni tó sanwó fún ẹni tó bá a fi ọgbọ́n wọlé sórí ẹ̀rọ i5 ìran 8, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó tàn.

Ìkejì ni àwọn ẹ̀rọ bíi ThinkPad X260 àti EliteBook 820 G3, tí wọ́n kún Computer Village ní Ìkẹjà. Ìran 6 ni wọ́n. Agbára wọn gbé Windows 11, òfin Microsoft ni kò gbà wọ́n. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni Rufus, ètò kan tó ń gbé Windows sórí fláàṣì, lè bá yín ṣe fláàṣì fún, kó yọ àyẹ̀wò TPM àti ti processor kúrò.

Ìkẹta kò ní ọ̀nà àbáyọ kankan. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 24H2 ti jáde ní ọdún 2024, Windows 11 kì í tàn rárá lórí processor tí kò bá ní àwọn àṣẹ inú processor tí wọ́n ń pè ní SSE4.2 àti POPCNT. Àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké tí wọ́n gbòde láàárín ọdún 2008 sí 2010, tó ní processor Atom N270 tàbí N450, kò ní wọn. N270 kò tilẹ̀ lè gbé 64-bit, Windows 11 kò sì ní ẹ̀dà 32-bit.

Èyí tó máa ń ṣini lọ́nà jù ni àwọn ẹ̀rọ oní-Atom Z3735F, tí wọ́n pọ̀ níta ní nǹkan bí ọdún 2015. Processor wọn gbé 64-bit, ṣùgbọ́n UEFI (BIOS ìgbàlódé) 32-bit ni wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ máa ṣe fláàṣì yín dáadáa, ẹ máa kì í bọ̀ ọ́, orúkọ rẹ̀ ò sì ní hàn nínú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ ti lè tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ra fláàṣì mẹ́ta kó tó wá bá mi. Fláàṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáa.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ msinfo32. Ẹ ka orúkọ processor: i5-6300U jẹ́ ìran 6, i5-8250U jẹ́ ìran 8. Ẹ wo ibi tó kọ BIOS Mode, bóyá UEFI ni tàbí Legacy. Lẹ́yìn náà ẹ kọ tpm.msc níbi kan náà, yóò sọ bóyá TPM wà àti irú èyí tó jẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ má fọwọ́ kan BIOS nígbà tí kọ́kọ́rọ́ BitLocker ò sí lọ́wọ́ yín

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bi ní bóyá BitLocker wà lórí ẹ̀rọ wọn ló máa ń ní kò sí, nígbà tó sì wà. Lórí Windows Home, Device encryption ni wọ́n ń pè é, ó sì lè tan ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, láìbi yín léèrè. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá a. Bó bá wà ní títàn, ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín láti orí fóònù, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé gidi ni mò ń wí, ẹ má kọ ọ́ sórí láptọ́ọ̀pù tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Bí ẹ ò bá rí i nínú àkáǹtì yín, ó lè jẹ́ pé àkáǹtì ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹ pa encryption yẹn, kí ẹ dúró títí yóò fi tú gbogbo fáìlì tán, kí ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o tán, ẹ ki dísìkì náà bọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí fáìlì méjì mẹ́ta níbẹ̀. Mo ti rí fláàṣì tó kún fún orúkọ fáìlì, tí ẹyọ kan ò sì ṣí nínú wọn.

Àyè ìpamọ́

Láptọ́ọ̀pù kéékèèké olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní eMMC 32GB, tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ lè fún Windows 11 wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí update ńlá bá dé, kò ní rí ibi jókòó, ẹ̀rọ á sì máa yí lójú kan ṣáá, á máa jẹ dátà yín. Bí 32GB bá ni tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé Windows 11 lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ èyí tó ṣeé tú bíi X260, ẹ kọ́kọ́ náwó sórí SSD àti RAM. Lórí 4GB, Windows 11 á wọlé, àmọ́ tí ẹ bá ṣí Chrome pẹ̀lú Word, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má gba Windows lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀

Fláàṣì kan ń kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ní "Lite" ni, ó fúyẹ́. Ẹni tó gé nǹkan kúrò nínú Windows lè fi nǹkan kún un pẹ̀lú, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ̀. Orí ẹ̀rọ yẹn náà lẹ máa tẹ páásíwọ̀ọ̀dù báǹkì yín sí. Ẹ gba Windows 11 lórí ìkànnì Microsoft fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì gba Rufus lórí ìkànnì tirẹ̀. Windows 11 náà ju 5GB lọ, nítorí náà ẹ ra dátà tó tó, tàbí kí ẹ lọ síbi tí Wi-Fi wà.

Àwọn tó ń fi KMSPico àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń lo Windows láìní ìwé àṣẹ, sí i ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò nílò rẹ̀. Bí Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ojúlówó, ìwé àṣẹ rẹ̀ ti so mọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ fi Windows 11 irú kan náà sí i, Home sórí Home, Pro sórí Pro, kí ẹ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, á dá ara rẹ̀ mọ̀. Ìjàǹbá ni pé inú àwọn KMSPico ayédèrú ni àwọn ọ̀daràn ti máa ń fi ohun tó ń jí páásíwọ̀ọ̀dù pamọ́ sí.

Iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú bátìrì tó ti kú, kí ẹ wá gbára lé iná NEPA. Bí iná bá lọ nígbà tí Windows ń wọlé, ẹ lè tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá lọ nígbà tí ẹ ń tún BIOS fúnra rẹ̀ kọ, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́ láéláé.

Windows 11 tuntun máa ń béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé tán. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sì lè má dá Wi-Fi ara rẹ̀ mọ̀, ẹ á wá há sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ tó kúrò lórí Windows 10, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ kọ: pnputil /export-driver * D:\drivers. Ẹ ti kọ́kọ́ ṣí fódà drivers sórí fláàṣì yín, bí D bá sì kọ́ ni lẹ́tà rẹ̀, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò. Ó máa kó àwọn driver tí kì í ṣe ti Windows fúnra rẹ̀ síbẹ̀; driver ni Windows fi ń mọ Wi-Fi àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lò. Bí Wi-Fi bá ṣì kọ̀, ẹ so fóònù Android yín mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, kí ẹ tan USB tethering. Òun ló ti gbà mí sílẹ̀ jù.

Lẹ́yìn tó bá ti wọlé

Ẹ má sáré pa Windows.old rẹ́ nítorí àyè. Bó bá ṣe pé ẹ gun orí Windows 10 ni, tí ẹ ò nù ún, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti padà sẹ́yìn, inú fódà yẹn sì ni ọ̀nà wà.

Ẹ má sì rò pé ó tán. Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ tí kò tọ́ sí Windows 11 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí update. Títí di ìsinsìnyí, ti oṣooṣù ṣì máa ń wá, àmọ́ ẹ̀dà tuntun ọdọọdún kì í dá wá sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Oṣù 24 ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ti Home àti Pro. Ẹ kọ ọjọ́ tí tiyín máa parí sílẹ̀, kó tó pé, ẹ ti gba ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fọwọ́ ara yín fi í sí i.

Àwọn tí mi ò gbà nímọ̀ràn láti dé ibí yìí rárá ni àwọn oní-32GB àti àwọn oní-Atom. Bí Windows 10 22H2 bá wà lórí tiyín, Microsoft ní ètò ìtọ́jú àfikún fún un títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, inú Windows Update lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint Xfce, ètò tí à ń lò dípò Windows, ni mo máa ń fi sí i fún àwọn oníbàárà mi, bí processor wọn bá gbé 64-bit. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló dáa jù, ó sì ní àtẹ bọ́tìnì Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà, tí ẹ fi lè kọ ẹ, ọ àti ṣ láìwá wọn kiri.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà níbẹ̀ náà: ẹ má tẹ Install lójú ẹsẹ̀. Mint máa ń tàn láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì yín. Ẹ fi lo ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀. Ẹ so Wi-Fi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ẹ pa ìdérí dé kí ẹ tún ṣí i, ẹ tẹ ìwé kan jáde bí ẹ bá ní printer. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ pa á, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín ṣì wà níbi tó wà.