Bí Mo Ṣe Wá Ìyára, Kíì àti Ìmọ̀lára Inú Orin Beethoven Kan

Orin ọ̀kẹ́sírà pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì fẹ́ kọ nǹkan mẹ́ta sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: bó ṣe ń yára sí, kíì tó wà (ìyẹn ohùn tó jẹ́ ilé fún orin náà), àti ohun tó ń ṣe fún ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ. Apá kejì nínú Símfónì Keje, orin ọ̀kẹ́sírà gígùn tí Beethoven ará Jámánì kọ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Vienna, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1813, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe símfónì náà fún àwọn èèyàn, Beethoven fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀. Apá kejì yìí wọ àwọn tó wá gbọ́ ọ lára débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ìyára ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Áàpù tó ń ka bíìtì (ìró tí ẹsẹ̀ lè máa bá rìn) wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ etí ni mo kọ́kọ́ lò. Nínú orin ọ̀kẹ́sírà, ọwọ́ olùdarí ló ń fa bíìtì gùn, òun náà ló sì ń ká a kò, kò sí ìlù kan tó ń lù láìyẹsẹ̀ tí áàpù lè dì mú. Ohun tí mo gbọ́ rèé: gbọ̀ọ̀n, gbọn-gbọn, gbọ̀ọ̀n, gbọ̀ọ̀n. Báà méjì (báà ni ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí) ni ìró márùn-ún yìí gbà, bíìtì méjì ló sì wà nínú báà kọ̀ọ̀kan.

Orin náà fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn viola, sẹ́lò àti bass (ohun èlò olókùn tí ohùn wọn nípọn ju ti fáyólínì lọ) ló kọ́kọ́ gbé ìró yẹn. Báà 24 ni wọ́n fi kọ ọ́ kí fáyólínì kejì tó gbà á lọ́wọ́ wọn, bíìtì 48 nìyẹn. Mo tẹ aago bí wọ́n ṣe wọlé, mo dá a dúró bí fáyólínì kejì ṣe gbà á: ìṣẹ́jú-àáyá 45. Ẹ fi 45 pín 48, kí ẹ wá fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bíìtì 64 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí áàpù, 128 ló sì kọ fún mi. Àwọn ohùn kúkúrú ló ń kà bíi bíìtì, ló fi di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rìn ín; bí ẹsẹ̀ kò bá lè bá a dọ́gba, ẹ pín in sí méjì.

Kíì gba sùúrù ju ìyẹn lọ. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn wo ohùn ìsàlẹ̀ nínú kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà) tó gbẹ̀yìn. Níbí, ìmọ̀ràn yẹn kò ní ranni lọ́wọ́. Kọ́ọ̀dù tí àwọn ohun èlò fífọn fi ṣí orin yìí, òun náà ni wọ́n fi parí rẹ̀: ohùn tí à ń pè ní A, C àti E ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ E ló wà nísàlẹ̀. Ó fẹ́ sinmi, kò rí ibi fìdí lé. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ Beethoven tó jinlẹ̀ jù nínú apá yìí nìyẹn.

Mo wá jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, mo ń wá ibi tí orin ti ń sinmi láàárín. C major àti A minor (etí sábà máa ń gbọ́ major bí ayọ̀, minor bí ìbànújẹ́) ní ohùn kan náà: “doh” ni ilé ti àkọ́kọ́, “lah” ni ilé ti èkejì, orin yìí sì ń yà lọ sí C major lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó là á fún mi ni G sharp (kọ́kọ́rọ́ dúdú tó tẹ̀lé G) tí mo ń gbọ́ léraléra. C major kò nílò rẹ̀, àmọ́ òun ló ń ti orin padà sílé, sí A. Lẹ́yìn náà ni clarinet àti bassoon, ohun èlò fífọn méjì, wọlé, C di C sharp, gbogbo rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ sí A major. Mo kọ A minor àti A major sílẹ̀. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi bá kíbọ́ọ̀dù mu, àmọ́ bí ẹ bá ní èyí tí wọ́n fi ohun èlò ìgbà àtijọ́ ṣe, A wọn lè máa gbọ̀n nígbà 430 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 440, kò sì ní bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́ kankan dáadáa.

Ó wá ku ìmọ̀lára. “Ìbànújẹ́” ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí ní 64, orin yìí ń lọ bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé òkú lọ sí ibojì. Àmọ́ Allegretto ni Beethoven kọ sí i lórí, ìyẹn ni pé kó yá díẹ̀, nígbà tó sì gbé nọ́ńbà mẹ́tírónóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka iye bíìtì inú ìṣẹ́jú kan) jáde fún àwọn símfónì rẹ̀ ní 1817, 76 ló fún un. Mo gbé orin náà sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo fi ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìyára rẹ̀ láìfọwọ́ kan kíì. Ohùn kan náà ni, A minor kan náà ni, àmọ́ ọ̀fọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ ni mo ń gbọ́, wọ́n ń rìn, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ìyára ló ṣe é, kì í ṣe minor.

Ohun tí mo kọ sára rẹ̀ nìyí: bíìtì 64 (Beethoven ní 76), A minor, A major láàárín, ọ̀fọ̀ tó ń rìn, ìtùnú tí kò pẹ́.