Kọ̀ǹpútà mi nìkan ló ń rí sáìtì àtijọ́

Mo kó sáìtì wa lọ sórí sáfà tuntun (kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì). Fóònù mi rí i lórí Wi-Fi kan náà, àmọ́ ti àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà mi ṣì ń gbé jáde. Mo ṣe ipconfig /flushdns, àṣẹ tó ń pa àdírẹ́sì sáìtì tí Windows ti tọ́jú rẹ́, títí, pàbó ló já sí.

Ohun tó là mí lójú nìyí: àṣẹ nslookup fún mi ní nọ́ńbà (àdírẹ́sì IP) sáfà tuntun, àṣẹ ping, tó ń wò bóyá sáfà ń dáhùn, ń lu ti àtijọ́. DNS, ètò tó ń sọ orúkọ sáìtì di nọ́ńbà sáfà, ni nslookup ń bi léèrè tààrà. Ping àti Chrome ń tẹ̀lé fáìlì hosts, àkọsílẹ̀ orúkọ sáìtì àti nọ́ńbà wọn nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tí Windows máa ń wò ṣáájú DNS. Mo fi Notepad ṣí i gẹ́gẹ́ bí Administrator, nínú C:\Windows\System32\drivers\etc. Ìlà tí mo kọ nígbà tí mò ń dán sáìtì náà wò, tó tọ́ka sí sáfà àtijọ́, ṣì wà níbẹ̀! Mo fi # síwájú rẹ̀ kí Windows má bàa kà á mọ́, mo tọ́jú fáìlì, mo tún Chrome ṣí. Sáìtì tuntun yọ lójú ẹsẹ̀.