Bí a ṣe ń dá àrùn òdòdó chrysanthemum mọ̀, tí a sì ń kápá rẹ̀

Kí ẹ tó gbé oògùn, ẹ yẹ ẹ̀yìn ewé wò ná. Ojú ewé nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, ni wọ́n bá ń da oògùn olówó gọbọi sí ohun tí kò gbọ́ oògùn.

Bí àmì tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lójú ewé, tí kókó kéékèèké sì wú lẹ́yìn rẹ̀, tó kọ́kọ́ pupa díẹ̀ kó tó funfun, ìdógùn-ún funfun nìyẹn, àrùn ewé tí wọ́n ń pè ní white rust, tí olú tín-ín-tín tó ń jẹ́ Puccinia horiana ń fà. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, dandan ni kí ẹ fi tó àwọn aláṣẹ ọ̀gbìn létí. Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú búráùn tó ń ràn mọ́ ìka, ìdógùn-ún lásán ni. Ìyẹn rọrùn díẹ̀. Kámẹ́rà fóònù ti tó láti fi wò ó, ẹ má torí ẹ̀ ra awò.

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń dúdú, tí iṣan ewé pààlà sí dúdú náà bí ẹni fi rúlà fà á, aràn tín-ín-tín ló wà nínú ewé. Àmì Septoria, àrùn mìíràn tí olú tín-ín-tín ń fà, náà ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n tirẹ̀ máa ń rí roboto, kò sì ka iṣan sí. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń rọ, tí ìkejì dúró digbí, olú tín-ín-tín inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Verticillium ló ń bá a jà. Ẹ hú u, ẹ má sì gbin irú rẹ̀ sójú ibẹ̀ mọ́. Èyí tí kò dàgbà mọ́, tí ewé rẹ̀ ṣe kálakàla, fáírọ́ọ̀sì ni; ẹ hú òun náà.

Gígé ewé tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, torí omi ló ń gbé àrùn kiri. Ẹ má gbọn igi. Ẹ la ẹnu ọ̀rá sábẹ́ ewé, ẹ gé e, kó bọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì di ẹnu ọ̀rá pa. Ẹ má dà á sórí ilẹ̀, ẹ má sì kó o mọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀.

Abẹ kan náà ni wọ́n sì fi ń gé igi àìsàn àti igi alára líle! Ẹ nù ún láàárín igi kan sí èkejì. Blíìṣì ìdá 1 sínú omi ìdá 9 ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ irin. Sípíríìtì lèmi ń lò. Bí àrùn bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ewé, èmi kì í gé mọ́, mo ń hú u ni.

Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin, láàárọ̀. Igò oníke tẹ́ ẹ dá ihò sí ọmọrí rẹ̀ ń ṣe é dáadáa. Bí ewé bá tutù fún wákàtí bíi 5 péré, ìdógùn-ún funfun ti ráyè wọlé. Oògùn ìdógùn-ún ń dáàbò bo ewé tó ṣì dára ni, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ẹ fín in kó dé ẹ̀yìn ewé náà.

Ẹ ya èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, torí ìdógùn-ún funfun lè fara pa mọ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó yọjú.